Kí Ẹ Tó Sanwó Àgọ́, Ẹ Béèrè Àwọn Tó Ń Gbébẹ̀

Ooru ń bọ̀, ìsinmi gígùn àwọn ọmọ ilé ìwé ò jìnnà mọ́, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó wà lápá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà sì ti ń wá ibi tí ẹ máa kó àwọn ọmọ lọ kí wọ́n lè sùn lábẹ́ igi, kí wọ́n jí láàárọ̀ kí wọ́n gbọ́ ohùn odò. Ìwé mẹ́ta ni mo ti rí gbà lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí a ti jáde kẹ́yìn, ẹjọ́ kan náà ló sì wà nínú gbogbo wọn: "A sanwó, a débẹ̀, ó dà bí ẹni pé a ya ilé onílé." Èmi náà mọ ilé onílé ọ̀hún. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

Oríṣi ibùdó àgọ́ kan pọ̀ ní Pennsylvania, New York, Maryland àti agbègbè wọn, tí ẹni tó ni ilẹ̀ fi ń ṣòwò fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá wo àwòrán rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, odò ni, igi ni, ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín ni. Ohun tí àwòrán kì í sọ ni pé wọ́n ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú ààyè ibẹ̀ háyà fún àwọn tó ń gbà á fún odidi sáà, láti nǹkan bí oṣù Igbe tàbí Èbìbí títí di oṣù Ọ̀wàrà. Àwọn òyìnbó ń pè wọ́n ní "seasonal". Onísáà ni èmi máa pè wọ́n níbí. Ilé onítáyà ni wọ́n wọ́ wá, ṣùgbọ́n táyà ọ̀hún kì í yí mọ́. Wọ́n á fi pákó kan pèpéle síwájú rẹ̀, wọ́n á gbé ahéré kékeré sẹ́yìn fún irinṣẹ́, wọ́n á gbin òdòdó, wọ́n á ta iná wínníwínní yí i ká, wọ́n á kọ orúkọ ìdílé wọn sára pákó lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún mìíràn á dé, ibẹ̀ náà ni. Ẹlòmíì ti lo ogún ọdún lójú kan.

Òwò ló fà á. Onísáà ń san owó ṣáájú, òjò rọ̀ o, òjò ò rọ̀ o. Ẹni tó fẹ́ sùn ọjọ́ méjì lè rí òjò lórí fóònù rẹ̀ kó ní òun ò wá mọ́. Onísáà ń gé koríko iwájú ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àlejò ọjọ́ méjì ń fẹ́ ẹni tó máa kó eérú rẹ̀, tó máa gbá ibi tó sùn. Nítorí náà, lọ́dọọdún, ààyè kan tàbí méjì tún máa ń bọ́ sọ́wọ́ onísáà, èyí tó dára jù ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ: ẹ̀bá odò, abẹ́ òjìji, ibi tó jìnnà sí títì. Èyí tó kù fún àwa arìnrìn-àjò ni ẹnu géètì àti ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń da ìgbẹ́ inú ọkọ̀ nù.

Ìdílé tèmi ti sùn nírú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mi ò ní dárúkọ èyíkéyìí. Ní ti àkọ́kọ́, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé odò wà nínú ọgbà, odò sì wà lóòótọ́. Orí òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi wá sí, lẹ́bàá ibi ìdàgbẹ́ tí mo wí yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí àwọn ọkọ̀ tò síbẹ̀ kí wọ́n tó máa lọ sílé, òórùn tó ń fẹ́ bọ̀ lórí ẹ̀kọ tí a fẹ́ mu, ẹ jẹ́ kí n bo àṣírí rẹ̀.

Odò ló gbé wa débẹ̀. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ọ̀ṣun bọ́ sí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì wa, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ mi méjèèjì, tí a bí sí ilẹ̀ yìí, bọ́jú nínú omi tó ń ṣàn, kí wọ́n kí odò bí ọmọ ṣe ń kí ìyá rẹ̀. A ò gbé ìlù, a ò gbé adìyẹ. Igbá kékeré kan, oyin díẹ̀ tí a máa tọ́ lá, àti ẹnu wa. Ọ̀nà tó lọ sódò gba àárín pèpéle méjì kọjá. Bí a ṣe débẹ̀, màmá òyìnbó kan tó jókòó tó ń mu kọfí bi wá pé ààyè nọ́ńbà kélòó la wà. Mo sọ fún un. Ó ní àwọn onísáà ló ń lo ibí yìí, pé ti àlejò wà lápá kejì, lẹ́yìn afárá. Kò pariwo, kò bú wa. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà ọjà. A lọ sápá kejì. Ẹrẹ̀ ni, ẹ̀gún ni, igò bíà sì wà nínú ẹ̀gún náà.

Ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà, wò mí lójú, ó ní, "Mọ́mì, ṣé àwọn ló ni odò ni?"

Mo ní rárá, kò sẹ́ni tó ni odò. Ó gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé ohun tó fojú rí ló gbà gbọ́. A kí omi lórí ẹrẹ̀ yẹn, ó yá wéré, a sì padà. Nígbà tí mo yà sí ọ́fíìsì wọn, ọmọkùnrin tó jókòó níbẹ̀ ní kò sófin tó ní ká má gba ibẹ̀ kọjá, pé gbogbo ènìyàn ló ni etí odò, ṣùgbọ́n "ẹ mọ bó ṣe rí". Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti mọ̀.

Ní ti ẹ̀ẹ̀kejì, ọjọ́ Ajé la dé. Ilé onítáyà lọ súà níwájú wa, gbogbo ilẹ̀kùn tì pa, kò séèyàn, kò sájá, bí ìlú tí Orò wà níta. Iṣẹ́ wà nílùú, ọ̀pọ̀ onísáà kì í wá láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, àwọn ọmọ mi ò rí ọmọ kankan bá ṣeré. Ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kẹ̀kẹ́ gọ́ọ̀fù ń sáré kiri bí ọ̀kadà, orin sọ, ẹran ń ta sánsán. Ó dùn, fún àwọn tí wọ́n pè. Wọ́n ní eré ìdíje fún àwọn ọmọdé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta; ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ti kún fún orúkọ ọmọ onísáà kí àwa tó dé. Ní aago mẹ́wàá alẹ́ tí òfin wọn ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́, ìgbà yẹn ni àríyá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná. Ta lẹ fẹ́ fẹjọ́ sùn? Ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà wà láàárín wọn, ó gbé àwo ẹran dání.

Síbẹ̀, mi ò lè pè wọ́n léèyàn burúkú. Púpọ̀ nínú wọn ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, owó wọn ò ká ilé etí odò, ohun tágbára wọn gbé nìyí. Wọ́n mọ àìsàn ara wọn, wọ́n mọ ọmọ-ọmọ ara wọn. Bàbá àgbàlagbà kan rí ọkọ mi tó ń bá igi tútù jà, ó gbé igi gbígbẹ wá fún wa, kò gba kọ́bọ̀. Ohun tí wọ́n ń gbé níbẹ̀ ni àwa ń pè ní agbo ilé, a sì mọ bí agbo ilé ṣe ń rí. Àmọ́ agbo ilé tiwa ní baálé. Àlejò tó bá wọlé, wọ́n á fún un lómi, wọ́n á bi í pé ọ̀dọ̀ ta ló wá, wọ́n á fi í lé ẹnìkan lọ́wọ́, ẹni náà á sì fi odò hàn án. Nínú agbo ilé onítáyà yìí, ẹni tó yẹ kó ṣe baálé ni ẹni tó gbowó lọ́wọ́ wa. Ó gbowó tán, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé ẹjọ́ mi sí, mi ò gbé e sọ́dọ̀ màmá oníkọfí.

Màmá yẹn náà, mo rí i lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn tó dá ìdílé òyìnbó kan padà lójú ọ̀nà kan náà. Nítorí náà mi ò sọ pé àwọ̀ wa ló rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "ibí yìí kì í ṣe tiyín" ní ìtàn fún aláwọ̀ dúdú nílẹ̀ yìí, pàápàá nínú ọ̀rọ̀ àgọ́. Nínú ọgbà ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ Shenandoah, ní Virginia, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Lewis Mountain. Ọdún 1939 ni wọ́n ṣí i, fún àwọn èèyàn dúdú nìkan, nítorí ìpínyà àwọ̀ ṣì wà ní Virginia nígbà náà. Ó di ọdún 1950 kí gbogbo ọgbà náà tó ṣí sílẹ̀ pátápátá fún gbogbo ènìyàn láìwo àwọ̀. Àwọn òbí àgbà àwọn kan nínú wa tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà dúdú gbé ayé ìgbà yẹn. Lónìí, Lewis Mountain wà lára ibi mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni lè pàgọ́ sí nínú ọgbà yẹn. Mathews Arm, Big Meadows àti Loft Mountain ni mẹ́ta yòókù.

Irú ibùdó ìjọba bẹ́ẹ̀ ni mo ń darí yín sí, ìdí rẹ̀ ò sì ju pé òfin ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di ilé. Ní àwọn adágún tó wà lábẹ́ àwọn ẹnjiníà ológun ìjọba àpapọ̀, bíi Raystown ní Pennsylvania, ènìyàn ò gbọdọ̀ pàgọ́ ju ọjọ́ 14 lọ láàárín ọjọ́ 30. Àwọn ọgbà àti igbó ìjọba yòókù náà sábà máa ń ní iye ọjọ́ tiwọn. Kò sẹ́ni tó máa kan pèpéle, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní nọ́ńbà. Gbogbo wa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Kò ní gbogbo nǹkan o. Ní Shenandoah, kò sí iná mànàmáná ní ojú àgọ́, béárì dúdú sì wà nínú igbó, torí náà inú ọkọ̀ ni kí ẹ ti oúnjẹ mọ́ lálẹ́, títí kan oyin yín. Ààyè ìparí ọ̀sẹ̀ máa ń tètè tán. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣí sílẹ̀ fún sísan lórí Recreation.gov láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, ẹ sì tún máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè, torí àwọn ènìyàn máa ń dá tiwọn padà. Ọmọ tó bá wà ní kíláàsì kẹrin lè gba ìwé àṣẹ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní Every Kid Outdoors, tó ń mú ìdílé wọ ọgbà ìjọba àpapọ̀ láìsan owó ẹnu ọ̀nà. Owó àgọ́ ṣì dọwọ́ yín. Ẹ̀yin tó fẹ́ràn ewé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já ewé nínú ọgbà ìjọba, ẹ má sì gbé ohunkóhun sílẹ̀ létí omi. Omi tútù àti ọ̀rọ̀ ẹnu tó.

Bó bá jẹ́ ti aládàáni lẹ ṣì fẹ́, torí omi ìlúwẹ̀ẹ́ tàbí torí iná, ẹ fi fóònù pè wọ́n, ẹ má fi mọ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ béèrè pé ààyè mélòó ló wà, mélòó ló jẹ́ ti onísáà. Ẹni tí kò bá fẹ́ dáhùn ti dáhùn. Ẹ ní kí wọ́n fi ààyè yín gan-an hàn yín nínú àwòrán ọgbà, kí ẹ rí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ béèrè ọ̀nà tí àlejò ń gbà dé odò, àti ẹni tí ẹ lè pè lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́. Àwọn kan ya onísáà sí apá ọ̀tọ̀, wọ́n sì fi etí omi sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Irú wọn ṣeé lọ.

Ní tiwa, Big Meadows la ń lọ lóṣù Agẹmọ, láàárín ọ̀sẹ̀. Ìtàkìtì omi Dark Hollow ò jìnnà síbẹ̀. Ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí, ó ti ní òun lòun máa gbé igbá. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ibùdó tó gba àlejò dáadáa, yálà ti ìjọba tàbí ti aládàáni, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa kí ìwé tó ń bọ̀ tó jáde. Ẹ sọ bí ọ̀nà odò rẹ̀ ṣe rí.