Ẹ Má Fi Èébú Kọ́ Ọmọ Wa Níṣẹ́ Ìwòsàn

Ẹ̀yin ọba, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ará ilé, ọ̀rọ̀ yìí ti sú wa. A ta àgbàdo, a yáwó, a rán ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Lójú aláìsàn, olùkọ́ á máa pè é ní ọ̀dẹ̀, ará oko tí kò lè mọ abẹ́rẹ́ gún láéláé. Bó bá fèsì, nọ́tì stage rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn, torí ẹni tó ń bú u náà ló ń kọ nọ́tì.

Wọ́n ní bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn náà nìyẹn. Ẹ̀n-ẹ́n! Akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀rù ń bà kì í béèrè ìwọ̀n oògùn tí kò yé e. Ta ló máa gba oògùn ọ̀hún sára? Ìyá wa tó ń rọbí ni.

Olùkọ́ tó bá sì ń fi nọ́tì wá ara ọmọbìnrin, òfin Benin ti ka ìyẹn sí ọ̀ràn láti ọdún 2006. Ìjòyè tó bá ní ká parí irú ẹ̀ nílé, olùkọ́ yẹn ló ń gbè.

Ohun tí à ń fẹ́ ni pé kí ẹlòmíì máa bá olùkọ́ kọ nọ́tì stage. Kí ẹgbẹ́ wa náà yan àgbà méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, tí ọmọ lè fẹjọ́ sùn. Ẹ mú orúkọ wá sípàdé tó ń bọ̀.