Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé: Ta Ni Ó Palẹ̀ Mọ́ Dè É?

Ẹ̀yin Ọba, ẹ̀yin ìjòyè, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa, kò sí ìlú kan láti Òṣogbo títí dé Iléṣà tí kò mọ bí a ti í ṣe ìkómọjáde. Bí ọmọ yóò bá pé ọjọ́ mẹ́jọ lọ́la, oyin ti dé lónìí, obì àti orógbó ti dé, onílù pàápàá ti mọ ojúlé náà. Ohun tí mo fẹ́ bi wá léèrè ni èyí: ọmọ tí ó yọjú ní oṣù keje, tí kò tóbi ju ẹyẹlé lọ, ta ni ó palẹ̀ mọ́ dè é? Èmi wí pé kò sí ẹnì kan. Mo sì wí pẹ̀lú pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ìyá rẹ̀, bí kò ṣe ti àwa tí a ń jókòó ní ìgbìmọ̀ ìlú.

Ọmọ tí a bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37 ni àwọn oníṣègùn ń pè ní ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ní ọdún 2020, irú wọn tí a bí ní gbogbo ayé tó nǹkan bí 13,400,000, èyí ni pé nínú ọmọ mẹ́wàá, ọ̀kan. Nínú gbogbo ohun tí ń pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, èyí ni ó ṣíwájú, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí iye irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ jù. Àwa Yorùbá sì ní ìdí tiwa láti múra ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ìbejì kì í sábà dúró kí oṣù pé, àwa ni a sì ń bí ìbejì jù. Ní ọdún 1960 ni Knox àti Morley ti kọ̀wé lórí ìbejì láàárín obìnrin Yorùbá; lẹ́yìn wọn, Nylander rí nǹkan bí ìbejì 45 nínú ìbímọ 1,000 ní Ìgbó-Ọrà, iye tí ti ilẹ̀ Yúróòpù kò tó ìdajì rẹ̀. Ẹni tí ó ń ki ìbejì, tí ó ń se ẹ̀wà fún wọn, tí kò sì palẹ̀ ibi gbígbóná kan mọ́ dè wọ́n, kí ni ó ń ṣe?

Àwọn kan yóò dáhùn pé èèwọ̀ ni. Pé ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ aburú kí aboyún tó bí, ó ń ké sí i. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó kọ ebè kí òjò tó rọ̀, ṣé ọ̀dá ni ó ń pè? Àwọn baba wa ni ó sọ pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Àwọn náà ni ó ń de oyún. Bí kò bá ṣe pé wọ́n mọ̀ pé oyún lè wálẹ̀ láìpé ọjọ́, kí ni wọ́n ń dè? Ìpalẹ̀mọ́ kì í ṣe àṣà àjèjì. Àwa ni a gbàgbé rẹ̀.

Àwọn ẹlòmíràn a máa wí pé olóṣù méje a máa yè, ṣùgbọ́n olóṣù mẹ́jọ kì í yè. Àwọn ará Gíríìkì ìgbàanì náà sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣì í. Olóṣù méje tí ó yè di ìtàn ní agbo ilé. Àwọn tí ó kú, a sin wọ́n ní ìdákẹ́jẹ́, ẹnikẹ́ni kò kà wọ́n. Òtítọ́ ni pé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá lò sí i nínú ìyá rẹ̀ ń fi agbára kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Nítorí náà olóṣù mẹ́jọ ní ìrètí ju olóṣù méje lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ilé tí ó bá gbà á gbọ́ yóò ká ọwọ́ gbera, yóò sì máa wo ọmọ tí ó yẹ kí ó yè títí yóò fi kú, lẹ́yìn náà ni wọn yóò pè é ní àbíkú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a pè ní àbíkú, òtútù àti ebi ni ó pa wọ́n.

Ẹgbẹ́ kẹta ni àwọn ọ̀mọ̀wé wa, tí ń wí pé láìsí ẹ̀rọ ìmóoru ti òyìnbó, kò sí ohun tí a lè ṣe. Ẹ̀rọ náà dára. Tarnier ní Paris ni ó mú un wọ ilé ìgbẹ̀bí ní nǹkan bí ọdún 1881, lẹ́yìn tí ó rí irú èyí tí a fi ń pa ẹyin adìyẹ. Ṣùgbọ́n mọ̀nàmọ́ná ni ó fi ń ṣiṣẹ́, ẹ sì mọ bí mọ̀nàmọ́ná ti rí ní ìlú wa. Ní nǹkan bí ọdún 1978, ní Bogotá ní ilẹ̀ Kòlóḿbíà, ẹ̀rọ kò tó, àwọn ọmọ ń ran ara wọn ní àrùn nínú èyí tí ó wà. Oníṣègùn Edgar Rey Sanabria bá gbé ọmọ ní ìhòòhò lé àyà ìyá rẹ̀, ara kan ara, ó sì fi aṣọ dì í mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí ẹranko kangarú ti Ọsirélíà ti ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn rẹ̀. Ara ìyá di ẹ̀rọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé ìtàn òkèèrè ni èyí, kí ó yí ojú sí Ilé-Ifẹ̀. Ilé ìwòsàn márùn-ún, ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tànsáníà àti Nàìjíríà, ni ó dán an wò lórí ọmọ 3,211 tí wọ́n kò tó kílò 1.8, Ilé-Ifẹ̀ ni ó sì ṣe ti Nàìjíríà. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2021. Nínú àwọn tí a gbé lé àyà ìyá wọn lójú ẹsẹ̀, 12 nínú 100 ni ó kú kí ọjọ́ 28 tó pé. Nínú àwọn tí a dúró kí ara wọn kọ́kọ́ balẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Wọ́n dá ìdánwò náà dúró kí ó tó parí, nítorí pé èrè rẹ̀ ti hàn kedere. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni yìí kan náà ni Wesley Guild ti Iléṣà wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí ṣe àwáwí láti jókòó sílé: lọ́wọ́ oníṣègùn ni gbogbo ọmọ wọ̀nyí wà.

Ní ìlú Òṣogbo, ogunlọ́gọ̀ ń lọ sí etí odò lọ́dọọdún láti tọrọ ọmọ, omi tútù ni a sì fi ń yin Ọ̀ṣun. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ohun tí ó gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní ọ̀rá lára kò gbọdọ̀ fojú kan omi tútù. Kí a má ṣe wẹ̀ ẹ́ rárá ní ọjọ́ kìíní. Kí a nù ún gbẹ, kí a dé e ní fìlà, kí a sì gbé e lé àyà. Ẹni tí ó tọrọ ọmọ, kí ó tọ́jú ohun tí a fi fún un.

Ǹjẹ́ kí ni ìpalẹ̀mọ́ náà? Ní ilé, kí aboyún lo oògùn ibà tí a ń fún un ní ilé ìwòsàn, kí ó sì jẹ́ kí a máa yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò. Kí ọkọ ti mọ mọ́tò tí yóò gbé e ní òru, kí owó rẹ̀ sì wà ní ìpamọ́. Bí omi bá dà tàbí tí ìrọbí bá mú un láìpé oṣù, kí ó lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ kan wà tí ń mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ gbó kí a tó bí i. Liggins àti Howie fi í hàn ní New Zealand ní ọdún 1972, a sì tún dán irú rẹ̀ wò ní Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè mẹ́rin mìíràn, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2020: ó gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n kò wúlò fún ẹni tí ó bá pẹ́ dé. Kí aṣọ ọmọ má ṣe bá káńfọ̀ gbé nínú àpótí, nítorí ó lè fa ibà pọ́njú tí ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Bí ọmọ kò bá lè mu ọmú, kí a fún wàrà ìyá sínú ife fún un, kì í ṣe àgbo, kì í ṣe omi.

Ní ìlú, iṣẹ́ tiwa ni. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní nǹkan bí ọdún 1957, ni David Morley láti Wesley Guild ti bẹ̀rẹ̀ sí wọn àwọn ọmọdé, tí ó sì ń kọ ìwọ̀n wọn sórí káàdì tí ìyá ń mú lọ sílé. Káàdì náà tàn ká ayé. Ìjẹ̀ṣà ni ó kọ́ ayé bí a ti ń wọn ọmọ. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ọmọ kan wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí a kò wọ̀n ní ọjọ́ ìbí rẹ̀? A ń dáwó kọ́ gbọ̀ngàn, a ń dáwó ra aṣọ ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìlú kọ̀ọ̀kan dáwó fún yàrá kan ní ilé ìwòsàn, tí ibùsùn yóò wà nínú rẹ̀ fún àwọn ìyá tí ń gbé ọmọ lé àyà, àti mọ́tò kan tí kò ní sùn ní òru. Ní ti ìjọba, kí a ṣe bí òṣómàáló sí i: kí a lóṣòó tì í títí yóò fi san gbèsè nọ́ọ̀sì àti oògùn tí ó jẹ wá.

Ẹ̀yin àgbà, òwe kan wà tí gbogbo wa ń pa ní àwùjọ: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà kún, àgbà pọ̀ níbẹ̀, orí ọmọ náà sì wọ́. Ẹ dìde, ẹ tún un ṣe.