Ṣòkòtò àgbàbọ̀ ni panda: Ẹ̀kọ́ owó láti ọgbà ẹranko Edinburgh

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 2011, ọkọ̀ òfuurufú kan gbé ẹranko méjì láti Ṣáínà balẹ̀ sí ìlú Edinburgh, lórílẹ̀-èdè Scotland. Akọ panda ni ọ̀kan, Yang Guang lorúkọ rẹ̀. Abo ni èkejì, Tian Tian ni wọ́n ń pè é. Bí ẹni ń gba ọba lálejò ni wọ́n ṣe gbà wọ́n. Lójijì, ọgbà ẹranko tó ti wà nílùú náà láti ọdún 1913 di ohun tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó pé ọdún méjìlá géérégé, ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 2023, àwọn panda náà tún wọkọ̀, wọ́n padà sílé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún méjìlá yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹranko nìkan, ọ̀rọ̀ òwò ni. Ó kan ìyá olóúnjẹ, ó kan télọ̀, ó kan onílé ọtí, ó kan gbogbo ẹni tó bá ti rò ó rí pé bí òun bá lè rí nǹkan ńlá kan gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù òun, èrò á máa wọ́ wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí àdéhùn náà ṣe rí. Ṣáínà kì í ta panda, háyà ni wọ́n máa ń fi í ṣe. Ọgbà tó bá fẹ́ takọ-tabo á máa san nǹkan bíi mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dọọdún, owó tí wọ́n ní ó wà fún ìtọ́jú àwọn panda tó wà nínú igbó lọ́hùn-ún. Bí panda bá bímọ sọ́dọ̀ ẹni tó yá a, ti Ṣáínà lọmọ. Síbẹ̀, ẹni tó yá a ni yóò kọ́lé fún un, òun ni yóò gba olùtọ́jú, òun náà ni yóò máa wá ọparun tí yóò jẹ. Ẹranko yìí kò sì mọ oúnjẹ méjì. Ọparun ni láàárọ̀, ọparun ni lálẹ́, ó sì lè jẹ ju kílò mẹ́wàá lọ lójúmọ́.

Èrò wá lóòótọ́. Lọ́dún 2012, àwọn tó sanwó wọ ọgbà Edinburgh ju 800,000 lọ. Ẹni tó bá wo ìyẹn á ní òwò ti dé. Àmọ́ ohun tuntun kì í pẹ́ di ogbó lójú oníbàárà. Ẹni tó ti rí panda lẹ́ẹ̀kan ti rí i. Ohun tí ìbá tún fà á padà wá ni ọmọ panda, ọmọ náà kò sì dé. Bí ọjọ́ kan sí mẹ́ta péré ni abo panda fi lè lóyún láàárín ọdún kan. Àwọn olùtọ́jú gbìyànjú léraléra, wọ́n tilẹ̀ lo ọgbọ́n ìṣègùn, pàbó ló já sí. Iye èrò lọ sílẹ̀, owó háyà kò lọ sílẹ̀.

Nígbà tó wá di ọdún 2020, àrùn Kòrónà dé, ìjọba ní kí gbogbo ilé ìgbafẹ́ tilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Ṣùgbọ́n panda kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti tì, ó ń jẹun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, Royal Zoological Society of Scotland, ẹgbẹ́ tó ni ọgbà náà, là á mọ́lẹ̀ pé àwọn ti pàdánù nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì pọ́n-ún, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn panda méjèèjì ń jẹ nǹkan bíi mílíọ̀nù kan pọ́n-ún lọ́dún. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ dídá wọn padà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Edinburgh tiẹ̀ ṣe é jẹ. Ẹ wo ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Ähtäri ní Finland. Ọgbà ẹranko wọn gba panda méjì, Lumi àti Pyry, ní oṣù Kìíní ọdún 2018, fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ná ju mílíọ̀nù mẹ́jọ owó Yúrò lọ lórí ilé tí àwọn panda máa gbé. Owó ìtọ́jú àti owó háyà lọ́dọọdún jẹ́ mílíọ̀nù kan ààbọ̀ Yúrò. Wọ́n retí kí àlejò máa rọ́ wá, Kòrónà dé, ọjà gbówó lórí, èlé orí gbèsè gòkè. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, wọ́n dá panda padà, nígbà tó ku ju ọdún mẹ́jọ lọ kí àdéhùn parí. Panda lọ, ilé tí wọ́n fi mílíọ̀nù mẹ́jọ kọ́ ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹni. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Àwọn kan á ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi panda, pé láìsí àmì ńlá tó ń fa èrò, kò sẹ́ni tó máa mọ ọgbà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Kódà, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí panda nínú igbó Ṣáínà so èso: lọ́dún 2016, àjọ àgbáyé IUCN yọ ọ́ kúrò lára àwọn ẹranko tó wà nínú ewu ńlá jù, wọ́n sún un sí ìpele tó rọ̀ díẹ̀. Owó kò ṣòfò. Ìbéèrè tó yẹ kí oníṣòwò bi ara rẹ̀ ni pé, èwo ló kù sílẹ̀ fún ẹni tó ń sanwó háyà?

Ìdáhùn wà nínú ọgbà Edinburgh náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, erinmi aràrá kan bímọ síbẹ̀. Haggis ni wọ́n sọ ọmọ náà, orúkọ oúnjẹ tí àwọn ará Scotland fi ń yangàn. Gloria lorúkọ ìyá rẹ̀, Otto ni bàbá. Kò sí ọkọ̀ òfuurufú tó gbé e wá, kò sí owó háyà lórí rẹ̀, síbẹ̀ àwòrán rẹ̀ kárí ayé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Erinmi aràrá bíi tirẹ̀, Moo Deng, ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀ lọ́dún yẹn kan náà ní Thailand, débi pé ọgbà tó ni í ní láti fi ìṣẹ́jú márùn-ún sí iye àkókò tí èrò kọ̀ọ̀kan lè fi wò ó ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ erinmi aràrá kan Nàìjíríà pẹ̀lú. Ẹ̀yà kan lára rẹ̀ wà ní agbègbè Niger Delta rí. Òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn kan, Heslop, kó agbárí díẹ̀ lára wọn ní nǹkan bíi ọdún 1940 sókè, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pe ẹ̀yà náà. Àwọn onímọ̀ gbà pé ó ti run. Àwọn tó kù ní Liberia, Sierra Leone, Guinea àti Côte d'Ivoire kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ohun tó wà lẹ́yìn ilé wa tí a kò tọ́jú ni àwọn ẹlòmíràn ń pa owó lé lórí.

Àwọn ọgbà ẹranko ilẹ̀ Yúróòpù kì í sì í sábà fowó ra irú àwọn ẹranko bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Bí ẹgbẹ́ aláàjọ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìwé kan wà tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹranko sí. Ẹni tó ní akọ tó pọ̀ á yọ̀ǹda ọ̀kan fún ẹni tó ní abo, kí ìran ẹranko náà má bàa run. Ẹni tí kò bá ṣe òótọ́ nínú àjọ náà kò ní rí gbà lọ́jọ́ iwájú. Owó kò pààrọ̀ ọwọ́, ìfọkàntán ló ń ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ kẹta ni èyí tí èrò kì í rí rárá. Ológbò igbó ilẹ̀ Scotland ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ sọ pé àwọn tó kù nínú igbó kò lè dá dúró mọ́, nítorí ọdẹ, nítorí igbó tí wọ́n gé, àti nítorí pé wọ́n ń gùn mọ́ ológbò ilé. Ẹgbẹ́ tó ni ọgbà Edinburgh kọ́ ibi tí wọ́n ti ń tọ́ wọn sí ọgbà wọn kejì, Highland Wildlife Park. Wọn kì í jẹ́ kí èrò débẹ̀, torí pé ológbò tó bá mọ́ ènìyàn lára kò ní lè gbé inú igbó. Lọ́dún 2023, wọ́n tú mọ́kàndínlógún sílẹ̀ sí òkè Cairngorms. Lọ́dún 2024, àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ bímọ nínú igbó.

Kì í ṣe pé ohun tó jẹ́ tẹni kò ní ewu. Ní alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, tí àwọn ará ìlú ń yin báńgà, ọmọ oṣù mẹ́ta kan nínú ọgbà Edinburgh kú. Roxie ni orúkọ rẹ̀, panda pupa kékeré ni, kì í ṣe irú ti àkọ́kọ́. Àwọn dókítà ẹranko ní ìbẹ̀rù ariwo náà ló jọ pé ó jẹ́ kó bì, tí èébì sì há a lọ́fun. Ohun tó ń mí kò ṣe é fi sílẹ̀ láìwò, bẹ́ẹ̀ náà ni òwò.

Kí ni oníṣòwò kékeré máa mú nínú gbogbo èyí? Onílé ọtí tó fẹ́ máa pe olórin ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, olóúnjẹ tó fẹ́ háyà tẹlifíṣọ̀n gbàǹgbà nítorí bọ́ọ̀lù, oníléètura tó fẹ́ yáwó ra jẹnẹrétọ̀ tó ju agbára rẹ̀ lọ, kí wọ́n kọ́kọ́ fi bírò àti ìwé jókòó. Kí wọ́n má ṣírò oṣù tí èrò pọ̀. Oṣù tí kò sẹ́ni tó wá ni kí wọ́n ṣírò: òjò oṣù Kẹfà, oṣù Kìíní tí owó ọdún ti tán lápò gbogbo ènìyàn. Bí nǹkan náà kò bá lè jẹun nínú oṣù yẹn láìjẹ ojú owó, panda ni.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n béèrè ta ló ni ọmọ. Èrò tí olórin bá fà wá, ṣé olórin ni wọ́n ń tẹ̀ lé, àbí ẹja tí ìyá náà ń sun? Bó bá jẹ́ olórin, ọjọ́ tó bá lọ ni èrò bá a lọ.

Ìkẹta, kí owó tó bá tibẹ̀ wọlé ní ibi tó ń lọ. Ọgbà tó fi owó tíkẹ́ẹ̀tì tọ́ ológbò igbó ṣì ní iṣẹ́ tó ń ṣe lẹ́yìn tí panda ti lọ. Onílé ọtí náà lè fi èrè ọjọ́ Jímọ̀ kọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní ọbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn, tàbí kó fi tún òrùlé tó ń jò ṣe. Ohun tí a fọwọ́ ara wa tọ́ kì í yá kíákíá, kì í sì í dún lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú bá wá gbé ohun olóhun lọ, òun ni yóò kù nínú ọgbà.