Kànìnkànìn Funfun Tó Gba Ọjà: Ẹ Jẹ́ Ká Sọ Òótọ́ Fún Oníbàárà

  

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ̀yin àbúrò wa tí a jọ ń ná ọjà Òkèhò, ọ̀rọ̀ kànìnkànìn la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ ti rí i, kànìnkànìn funfun tó rí pẹlẹbẹ bíi búrẹ́dì tí wọ́n gé, tó fúyẹ́ bíi òwú, tí kò ní òórùn, tí kò sì ní ọṣẹ nínú. Ẹ rì í bọ omi, ẹ fún un, ẹ fi nu àga ike tó ti dúdú, kíá, ìdọ̀tí ti ká kúrò. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kiri rẹ̀ fi ń pariwo pé, "Kò sí ohun tí kì í nù! Omi lásán ni, kò sí kẹ́míkà!" Àwa tá a jókòó sí ìsọ̀ náà ti ń gba igbe yẹn lẹ́nu wọn.

Èrò wa nìyí, kí ọ̀rọ̀ má baà gùn: kí a máa tà á, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a jáwọ́ nínú igbe pé ó ń nu gbogbo nǹkan. Irọ́ ni. Nǹkan wà tó jẹ́ pé ńṣe ló máa bà á jẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní lè tún un ṣe mọ́. Oníbàárà tí ohun ìní rẹ̀ bá bàjẹ́ kò ní dá ẹni tó ṣe é lẹ́bi, ìwọ tó o tà á fún un ni yóò wá bá.

Kí tiẹ̀ ni nǹkan ọ̀hún? Orúkọ rẹ̀ ni fóòmù mẹ́lámíìnì. Mẹ́lámíìnì ò ṣàjèjì sí wa. Òun ni wọ́n fi ń ṣe àwo líle tó ń dán yẹn, èyí tí à ń rà nítorí pé kì í tètè fọ́. Ohun kan náà ni wọ́n mú kó wú bíi ìyẹ̀fun búrẹ́dì, tó wá di fóòmù. Láàárín ọdún 1980 sí 1989 ni ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì gbé e wá sọ́jà, wọ́n pè é ní Basotect. Kì í ṣe pé kí wọ́n máa fi nu nǹkan ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà náà. Ara ògiri ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ kí ariwo má baà pọ̀ nínú ilé, wọ́n sì tún ń fi dènà ooru. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn ará Japan kíyè sí i pé ó ń nu ìdọ̀tí. Nígbà tó di ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ Procter & Gamble ń tà á ní Amẹ́ríkà, wọ́n sọ ọ́ ní Mr. Clean Magic Eraser. Látìgbà náà ni oríṣiríṣi ti ń jáde, títí tó fi dé ọ̀dọ̀ tiwa nínú ọ̀rá, tí òmíràn ò tiẹ̀ ní orúkọ lára.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló yẹ ká mọ̀ jù. Téèyàn bá fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, á rí i pé okùn tín-ín-rín tó le ló kún inú rẹ̀, tí wọ́n so kọ́ra bíi ẹ̀ka igi. Nígbà tí à ń fi nu nǹkan, ńṣe ni okùn wọ̀nyẹn ń ha ìdọ̀tí náà kúrò. Híha ni, kì í ṣe fífọ̀. Sáńpépà káfíńtà ni, àmọ́ èyí tó kúnná débi pé ọwọ́ ò lè mọ̀ ọ́n. Bó ṣe ń ha ìdọ̀tí ni òun fúnra rẹ̀ ń rún, ìdí nìyẹn tó fi ń kéré sí i bíi rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ń pariwo pé kò sí kẹ́míkà, kò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ibi tó dára sí, ó dára níbẹ̀. Àga ike, ìsàlẹ̀ bàtà funfun, táìlì ilé ìwẹ̀, ẹ̀yìn kúlà tí ọwọ́ epo ti bà jẹ́, ojú tábìlì ike tí ọmọ fi bíró kọ nǹkan sí. Níbẹ̀, kànìnkànìn yìí á dín ọṣẹ kù fún wa, á dín omi kù pẹ̀lú. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹni tó ń ra omi mọ ohun tí à ń wí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Télọ̀ tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ dúdú tí wọ́n fi àwọ̀ wúrà kọ nǹkan sí lára, tó bá fi fóòmù yìí nù ún, ìkọ̀wé náà á ká lọ. Ọjọ́ tó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ náà, owó rẹ̀ ti já wálẹ̀. Rúlà àti téèpù ìwọnṣọ ńkọ́? Nọ́ńbà ara wọn á parẹ́. Ẹ lọ sí Ìṣẹ́yìn, aládùúgbò wa, níbi tí aṣọ òfì ti gbilẹ̀. Ọ̀kọ̀ tí ahunṣọ ń jù láàárín òwú gbọ́dọ̀ máa dán ni, ọwọ́ ló sì fi ọ̀pọ̀ ọdún dán an bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ha dídán yẹn kúrò, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í fa òwú. Aṣọ òkè fúnra rẹ̀, pàápàá èyí tó ní òwú dídán nínú, ẹ má jẹ́ kó kàn án rárá. Igbá fínfín tí wọ́n kùn ní àwọ̀, àwọ̀ ọ̀hún á ṣí. Ìlẹ̀kẹ̀ oníke tó ń dán á pàwọ̀dà, á dà bí ìgbà tí eruku bò ó. Kódà àwo mẹ́lámíìnì, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, tí ẹ bá ń fi fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, dídán ara rẹ̀ á lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkòkò tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, àti ara ọkọ̀ àti ọ̀kadà.

Èyí tó kàn wá jù ni ìwọ̀n. Àwa tí à ń ta ẹran, ẹja tútù àti ata gígùn, ìwọ̀n tí ojú rẹ̀ jẹ́ ike ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. Tí ẹ bá fi fóòmù yìí nu ojú rẹ̀, á funfun, ẹ ò ní rí nọ́ńbà dáadáa mọ́. Oníbàárà á ní ẹ rẹ́ òun jẹ, ẹ̀yin á ní ẹ ò rẹ́ ẹ jẹ, ìjà ti dé. Ojú fóònù àti ojú ẹ̀rọ POS náà ńkọ́? Aṣọ rírọ̀ tó ní omi díẹ̀ ló tọ́ sí wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ara èèyàn. Kànìnkànìn ni Yorùbá ń pe ohun tí à ń fi wẹ̀ àti ohun tí à ń fi fọ abọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ibẹ̀ ni ewu wà. Ìyá tó bá gbọ́ pé kànìnkànìn ni, tó sì rí i pé ó rọ̀ lọ́wọ́, lè fi wẹ ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dán an wò. Á bó ọmọ lára, á sì máa ta á. Àwọn tó ń ṣe Mr. Clean fúnra wọn kọ ọ́ sára páálí pé kí wọ́n má fi kan ara èèyàn. Ta ló máa ka páálí náà fún ẹni tó ra ẹyọ kan nínú ọ̀rá lọ́wọ́ wa? Àwa ni o.

Àwọn kan tún ti gbọ́ orúkọ mẹ́lámíìnì, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n nítorí ọ̀rọ̀ mílíìkì China. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn. Lọ́dún 2008, àṣírí tú pé àwọn kan ní China ń da ìyẹ̀fun mẹ́lámíìnì sínú mílíìkì kó lè dà bíi pé aṣaralóore pọ̀ nínú rẹ̀ nígbà àyẹ̀wò. Ó di òkúta nínú kíndìnrín àwọn ọmọ. Ọmọ bíi 300,000 ló ṣàìsàn, ìjọba wọn sì sọ pé ọmọ mẹ́fà kú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe déédéé: ìyẹ̀fun tí wọ́n dà sínú oúnjẹ nìyẹn. Èyí tó wà nínú fóòmù ti dì, ó ti le, kì í ṣe bákan náà. A ò gbọ́dọ̀ máa fi ọ̀rọ̀ mílíìkì dẹ́rù ba oníbàárà. Síbẹ̀, ohun tó ń rún kò yẹ nínú ìgò ìfúnmọlóúnjẹ, kò sì yẹ nínú ìkòkò ọbẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi nu ife tí tíì ti pọ́n, kó fi omi púpọ̀ ṣan án dáadáa.

Èyí tó ń rún yìí, níbo ló ń lọ? Inú omi ni. Lọ́dún 2024, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Environmental Science & Technology. Wọ́n ní gíráàmù kan péré lára fóòmù yìí tó bá jẹ, ó lè tú okùn ike tín-ín-rín bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ jáde. Wọ́n wá fojú bù ú pé jákèjádò ayé, èyí tó ń já sínú omi lóṣù kan lè ju tírílíọ̀nù kan lọ, ìyẹn mílíọ̀nù kan lọ́nà mílíọ̀nù kan. Omi ìdọ̀tí ọ̀dọ̀ wa ò gba ilé àsẹ́ kankan kọjá. Ojú gbàrà ló ń gbà dé odò. Odò Ọfìkì ń wọnú Odò Ògùn, Odò Ògùn ń gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sí ọ̀sà Èkó. Ẹja tí wọ́n bá pa nínú omi wọ̀nyí, àwa náà la máa tún rà á tà, tá a sì máa jẹ ẹ́. Ìwádìí kan náà sọ pé èyí tó ki kì í tètè rún bí èyí tó fúyẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá lọ kó ọjà, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó bá ki ni kí ẹ kó, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa á ní, "Akọ̀wé, ṣé olùkọ́ ni wá ni? Ẹni tó bá rà á, kó mọ bó ṣe máa lò ó. Tá a bá ń ka gbogbo èyí sí wọn létí, ta ló tún máa rà á?" Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbọ́jù sẹ́yìn. Èrè orí kànìnkànìn ò tó nǹkan, ẹnu sì ń rẹ èèyàn. Àmọ́ ẹ rò ó wò. Ẹni tí ẹ ta nǹkan fún ní ìsọ̀ yín lónìí, ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ á tún padà wá. Ẹni tó ń kiri ti lè wà ní Ṣakí nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó máa rí i mú. Ẹ̀yin lẹ jókòó. Orúkọ rere lohun tá a fi ń jókòó síbì kan. Àti pé òfin wà níbẹ̀: òfin ìdáàbòbo oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018 sọ pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ àlàyé ọjà ní èdè tó máa yé e, kò sì fàyè gba kí wọ́n fi irọ́ ta ọjà fún un.

Àwọn mìíràn sì ní kí ẹgbẹ́ kúkú lé e kúrò lọ́jà pátápátá. A ò fara mọ́ ìyẹn náà. Bí a bá lé e, abẹ́ ìbòrí ni wọ́n á ti máa tà á, kò sì ní sí ẹni tó máa ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ohun mẹ́rin là ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àkọ́kọ́, ká má pè é ní kànìnkànìn lásán, ká máa pè é ní fóòmù ìpadọ̀tírẹ́, kí orúkọ rẹ̀ ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Èkejì, ẹni tó bá ń tà á, kó sọ gbólóhùn kan yìí fún oníbàárà: "Má fi kan ara, má fi kan ohun tó ń dán, kọ́kọ́ dán an wò níbi tójú ò tó." Ìṣẹ́jú kan ò lè pé nídìí ẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ má gé e sí wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá pọ̀ mọ́ kànìnkànìn ìwẹ̀ lórí àtẹ kan náà. Ẹ yà wọ́n nípá. Ẹ̀kẹrin, ẹ má jẹ́ kí kànìnkànìn ìbílẹ̀ kú mọ́ wa lọ́wọ́, èyí tí wọ́n lù láti ara igi àti èyí tó ń so lórí ọgbà, tá à ń pè ní kànìnkànìn ayaba. Àwọn ìyá wa ní oko ló ń mú un wá, owó rẹ̀ ń padà sí Òkè-Ògùn níbí. Ó dára fún ara, ó dára fún ìkòkò, tó bá sì gbó tá a jù ú nù, á jẹrà di ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta tòyìnbó, kó gbé tìbílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí oníbàárà lè rí méjèèjì.

A ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé. Ẹni tó bá ní èrò tó yàtọ̀, kó wá sọ ọ́ níbẹ̀, kó má sọ ọ́ sẹ́yìn ìsọ̀. Owó tá a fi òótọ́ pa ló ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ọjà á tù wá lára o.

Akọ̀wé ẹgbẹ́