Wáyà kan ló da ọkọ̀ òkun Dali láàmú: ẹ̀yin oníṣòwò Àgbádárìgì, ẹ wo iná ṣọ́ọ̀bù yín

Lóru ọjọ́ 26, oṣù kẹta, ọdún 2024, ni iná ṣàdédé lọ nínú ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan, Dali, bó ṣe ń kúrò ní èbúté Baltimore lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Iná dé, ó tún lọ. Àwọn tó ń tukọ̀ náà ké gbàjarè, àmọ́ ọkọ̀ tí kò níná kò ṣeé darí, ló bá lọ kọlu afárá Francis Scott Key, afárá sì wó. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà tí wọ́n ń tún títì orí rẹ̀ ṣe ló bá a lọ.

Lóṣù kọkànlá ọdún 2025, àjọ NTSB tó wádìí ọ̀rọ̀ náà sọ pé wáyà kan tí kò wọlé dáadáa ló fà á. Ìlẹ̀mọ́ tí wọ́n kọ orúkọ wáyà náà sí ni kò jẹ́ kó wọlé tán. Wáyà tú, bírékà já, iná lọ. Transformer kejì wà nílẹ̀ tó yẹ kó gba iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọn kò tò ó kó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ló kan Àgbádárìgì nínú èyí. Ó kàn wọ́n gan-an ni.

Àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kan wà tí wọ́n pín iná inú wọn sí agbègbè-agbègbè. Okùn iná ńlá méjì ló gba ọ̀tún àti òsì ọkọ̀ kọjá, agbègbè kọ̀ọ̀kan sì lè fa iná lára èyí tó bá wù ú. Bí wáyà méjì bá fara kanra ní ilé ìdáná, bírékà tó sún mọ́ ibẹ̀ jù ló gbọ́dọ̀ já, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́nu jẹnẹrétọ̀. Ilé ìdáná á ṣókùnkùn, ọkọ̀ á máa lọ.

Ẹ wá wo ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta yìnyín àti ẹja dídì nítòsí ọjà Àgbálátà. Fírísà mẹ́ta, fáànù, gílóòbù, ẹ̀rọ tó ń fa omi, títí kan ti ẹni tó ń ṣáàjì fóònù níta, gbogbo wọn so mọ́ kọ́táùtù kan ṣoṣo. Bí ẹ̀rọ omi bá jóná, ẹja á jẹrà. Bí kọ́táùtù bá sì ń já lemọ́lemọ́, oníṣẹ́ iná á ká wáyà tó nípọn sí i, á ní kò ní í já mọ́. Òótọ́ ni, kò ní í já mọ́. Wáyà inú ògiri ni yóò máa gbóná títí iná yóò fi ràn. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó yọ bíréèkì mọ́tò rẹ̀ nítorí pé ó ń pariwo. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ etí òkun tún ń jẹ ojú ìdè wáyà, á dípẹtà, á tú díẹ̀díẹ̀.

Lóòótọ́, iná ìjọba náà kò ṣeé gbójú lé. Ní ọjọ́ 19, oṣù kẹwàá, ọdún 2024, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló bú ní Jẹ́bà tí iná fi lọ káàkiri Nàìjíríà. Kò sí oníṣòwò tó lè tún ti Jẹ́bà ṣe, ṣùgbọ́n ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀.

Kí fírísà ní wáyà àti bírékà tirẹ̀, kí ẹ̀rọ omi ní tirẹ̀, kí gílóòbù àti fáànù wà papọ̀. Kí bírékà kọ̀ọ̀kan bá wáyà rẹ̀ mu, kó sì kéré sí ti ẹnu ọ̀nà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ti ẹnu ọ̀nà lè kọ́kọ́ já. Níbi tí omi ẹja ti ń dà sílẹ̀, bírékà tó ń mọ̀ bí iná bá ń jò ló yẹ, èyí tó máa ń já bó bá tó 30 milliampere. Kí wọ́n sì máa fún ojú ìdè le látìgbàdégbà.

Àròyé ọ̀pọ̀ ayálégbé ni pé àwọn kò ní náwó sára ògiri onílé. Àròyé náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ wáyà tí wọ́n gbé gba ojú ògiri nínú páìpù ṣeé tú kó lọ bí wọ́n bá ń kó jáde, pátákó bírékà náà sì ṣeé yọ. Owó bírékà kékeré kan kò tó ti páálí ẹja kan.