Táńkì Ẹ̀yìnkùlé ní Otor-Udu, Iṣẹ́ Ìlú Ni

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ sí ibùdó ìtọ́jú omi ẹ̀gbin, kò sí èyí tí ojú ń fò dá tó táńkì ìtòrò, ìyẹn àgbá kọnkéré fífẹ̀ tí omi láti ilé ìyàgbẹ́, balùwẹ̀ àti ilé ìdáná ń wọ̀ láti rọra dúró, kí ohun tó wúwo nínú rẹ̀ lè silẹ̀, kí ọ̀rá àti ìfóófòó léfòó, kí omi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ láàárín méjèèjì sì ṣàn kọjá sí ìpele ìtọ́jú tó kàn. Ìlànà náà kò yàtọ̀ sí ti olóògì tó sẹ́ ògì tán, tó sì gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, nígbà tí ògì yóò ti silẹ̀ tí omidùn yóò sì dúró lókè rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá rú u, iṣẹ́ di àtúnṣe. Láàárín wákàtí méjì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, táńkì tó wà ní ipò tó dára lè mú ìpín 50 sí 70 nínú 100 àwọn ohun líle tó ń rìn káàkiri nínú omi náà kúrò, láìsí kẹ́míkà, pẹ̀lú iná mànàmáná tí kò tó nǹkan. Nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ariwo, ìjọba kì í rántí rẹ̀ títí yóò fi gbó, bí ó bá sì gbó tán, gbogbo ẹ̀rọ olówó ńlá tó tẹ̀lé e ni yóò máa jìyà ẹ̀gbin tí kò yẹ kó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọ̀nà tí irú táńkì bẹ́ẹ̀ ń gbà darúgbó yẹ ní mímọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ àtúnṣe. Allen Hazen, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ló fi ìṣirò hàn ní 1904 pé bí ojú omi inú táńkì bá ṣe fẹ̀ tó ló ń pinnu bí omi yóò ṣe tòrò tó, kì í ṣe bí táńkì ṣe jìn tó, èyí tó túmọ̀ sí pé ohunkóhun tó bá dín ìwúlò fífẹ̀ yẹn kù ti dín táńkì fúnra rẹ̀ kù. Etí tí omi ń gbà ṣàn jáde, tí wọ́n máa ń gé sí onígun mẹ́ta kéékèèké kí omi lè pín dọ́gba yí po, gbọ́dọ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Bí ilẹ̀ bá sì rọra rì ní ẹ̀gbẹ́ kan, tó fi di pé etí ibẹ̀ rẹlẹ̀ ní mìlímítà mélòó kan péré, ibẹ̀ ni omi púpọ̀ yóò máa rọ́ gbà, ìyókù ojú táńkì yóò sì di adágún lásán. Bákan náà ni apá irin tí ń rọra yí lórí ilẹ̀ táńkì, tó ń gbá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lọ sínú kòtò àárín kí pọ́ǹpù lè fà á jáde: bí ó bá dá iṣẹ́ dúró, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò jókòó, yóò jẹrà, afẹ́fẹ́ tó ń ti inú rẹ̀ jáde yóò sì máa gbé e padà sókè, tí omi tó yẹ kó mọ́ yóò fi máa jáde ní dúdú.

Kọnkéré tó wà lábẹ́ omi sábà máa ń pẹ́. Èyí tó wà lókè omi díẹ̀ ni àrùn ń mú. Inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí kò rí atẹ́gùn ni afẹ́fẹ́ hydrogen sulphide, tí òórùn rẹ̀ jọ ti ẹyin tó bàjẹ́, ti ń jáde, yóò sì lẹ̀ mọ́ ògiri tútù lókè omi, níbi tí àwọn bakitéríà kan yóò ti sọ ọ́ di sulphuric acid, ásíìdì kan náà tó wà nínú bátìrì mọ́tò. Ásíìdì yìí ń sọ sìmẹ́ǹtì di ohun funfun rírọ̀ tí ènìyàn lè fi ìṣó lásán ha kúrò. Nígbà tó bá sì dé ibi ọ̀pá irin tí wọ́n fi mú kọnkéré lágbára, irin á dípẹtà, ìpẹtà á wú ju bí irin ṣe tóbi tẹ́lẹ̀ lọ, wíwú yẹn á sì la kọnkéré láti inú. Nígbà tí ẹni tó ń kọjá lọ bá fi máa rí ìlà pupa lára ògiri, ìbàjẹ́ inú ti fi ọdún púpọ̀ ṣáájú ti òde.

Ẹni tó bá rò pé àtúnṣe irú táńkì bẹ́ẹ̀ kò ju kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lọ ti ṣi ọ̀rọ̀ náà gbé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbẹ táńkì, tí wọ́n sì ti fi omi alágbára fọ ara rẹ̀, òṣìṣẹ́ ní láti máa fi òòlù kan ògiri láti ibì kan dé ibì kejì, kí ó lè fi etí mọ ibi tí inú rẹ̀ ti ṣófo. Gbogbo ibi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ gé kọjá ẹ̀yìn ọ̀pá irin, kí wọ́n ha ìpẹtà títí irin yóò fi dán, kí wọ́n pààrọ̀ èyí tó ti tín-ín-rín jù, kí wọ́n tó fi àdàlù sìmẹ́ǹtì tí ásíìdì kò tètè ràn dí i, kí wọ́n sì fi ọ̀dà epoxy tó nípọn kun ibi tó wà lókè omi. Ìdánwò jíjò ló ń fi hàn bóyá iṣẹ́ náà dára: ìlànà BS 8007 àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti fi òmíràn rọ́pò báyìí, ní kí wọ́n pọn omi kún táńkì, kí wọ́n jẹ́ kí kọnkéré mu omi yó, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 7, nínú èyí tí omi, yàtọ̀ sí èyí tí oòrùn bá fà, kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju mìlímítà 10 lọ. Agbaṣẹ́ṣe tí kò bá gbà kí wọ́n ṣe ìdánwò yìí kí ó tó gba owó ìkẹyìn kò yẹ ní ẹni tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ táńkì fún.

Ní agbègbè Warri, níbi tí Otor-Udu wà, ewu kan tún wà tó ju gbogbo èyí lọ, omi abẹ́ ilẹ̀ sì ni. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lé ní mìlímítà 2,500 lọ́dún, ilẹ̀ tẹ́jú, odò kò jìnnà, nítorí náà lákòókò òjò omi kì í jìnnà sí ojú ilẹ̀. Bí táńkì ribiti kan bá fẹ̀ ní mítà 20 láti etí dé etí, tí omi abẹ́ ilẹ̀ sì fi mítà 2 ga ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, agbára tí omi náà fi ń tì í sókè tó tọ́ọ̀nù 628. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilẹ̀ kọnkéré tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 30 pẹ̀lú ògiri tó ga ní mítà 4, tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, kò wúwo ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 400 lọ. Omi tó wà nínú táńkì ló ń fi ìwúwo rẹ̀ mú un dúró, ẹni tó bá sì gbẹ ẹ́ nínú oṣù Keje ti mú ohun tó dì í mọ́lẹ̀ kúrò: táńkì lè gbéra nílẹ̀, kí ó sán, kí ó sì fa gbogbo páìpù tó so mọ́ ọn já. Ìdí nìyí tí àwọn ẹnjiníà fi ń fi fáàfù sí ilẹ̀ táńkì, èyí tó ń ṣí fúnra rẹ̀ kí omi abẹ́ ilẹ̀ lè wọlé bí táńkì bá ṣófo, tí wọ́n sì tún ń gbẹ́ kànga yí i po láti fa omi ilẹ̀ wálẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n fáàfù tó ti dípẹtà fún ogún ọdún kì í ṣí. Àárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, ni àkókò irú iṣẹ́ yìí ní Ìpínlẹ̀ Delta, owó ìsúná tó bá sì jáde lóṣù Karùn-ún ti pẹ́ jù fún ọdún náà.

Otor-Udu, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Udu, kò ní ibùdó ìtọ́jú omi ẹ̀gbin ti ìlú, kò sì ní páìpù ẹ̀gbin tó gba abẹ́ títì kọjá. Ní Nàìjíríà, bí wọ́n bá yọ Àbújá, níbi tí ibùdó Wupa ti lè gba nǹkan bíi lítà mílíọ̀nù 131 lójúmọ́, àti àwọn apá kan ní Èkó kúrò, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ìlú rí. Síbẹ̀ kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Otor-Udu kò ní táńkì ìtòrò. Ohun tí àwọn aráàlú ń pè ní sókáwéè lẹ́yìn ilé wọn pín sí méjì: àkọ́kọ́ ni àgbá tí wọ́n dí pa, níbi tí ìgbẹ́ ti ń silẹ̀ tí ó sì ń jẹrà, irú èyí tí Donald Cameron kọ́ sí ìlú Exeter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1895, èkejì ni kòtò tí omi tó ti tòrò ń gbà wọ inú ilẹ̀ lọ. Àgbá àkọ́kọ́ yẹn, táńkì ìtòrò ni láìsí àríyànjiyàn, èyí ló fi jẹ́ pé ibùdó ìtọ́jú omi ẹ̀gbin Udu wà ní ti gidi, tó fọ́n káàkiri ẹ̀yìnkùlé láti ẹsẹ̀ Afárá Udu lórí Odò Warri dé Ovwian, Aladja, Orhuwhorun àti Otor-Udu fúnra rẹ̀, àfi pé kò ní ọ̀gá kankan. Ilé-iṣẹ́ irin Delta Steel, tí wọ́n ṣí ní 1982, ló fa èrò púpọ̀ wọ agbègbè náà, àwọn ilé tí wọ́n kọ́ nígbà yẹn sì ti lé ní ogójì ọdún, àwọn pẹ̀lú táńkì wọn.

Ọ̀pọ̀ nínú àìsàn táńkì ńlá ló ń ṣe àwọn táńkì kéékèèké wọ̀nyí. Ásíìdì ń jẹ ìsàlẹ̀ pẹpẹ kọnkéré tí wọ́n fi bo wọ́n, títí pẹpẹ náà yóò fi já mọ́ ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá ti gba ìdá kan nínú mẹ́ta àyè táńkì ti yẹ ní fífà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa bá omi lọ sínú kòtò kejì, yóò sì dí ilẹ̀ ibẹ̀ pa. Èyí tó burú jù ni táńkì tí bíríkìlà kọ́ láìda kọnkéré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó má baà tètè kún. Onílé a máa dunnú pé táńkì òun kò kún láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láìronú pé ohun tí kò kún náà ń lọ síbì kan, àti pé ibi tó ń lọ ni kànga ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ti ń fa omi mímu. Nígbà tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá gòkè nínú òjò, òun àti ẹ̀gbin inú táńkì bẹ́ẹ̀ á di ọ̀kan náà.

Àwọn kan lè sọ pé ilé onílé ni táńkì wà, àti pé ìjọba kò ní ohun tó fẹ́ fi ẹ̀yìnkùlé ènìyàn ṣe. Àwíjàre yìí ìbá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bí omi abẹ́ ilẹ̀ bá mọ ààlà. Ilẹ̀ Udu kò pín omi rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé àṣẹ ilẹ̀ ṣe pín pílọ́ọ̀tì, agboolé tó sì tọ́jú táńkì tirẹ̀ dáadáa lè máa mu ẹ̀gbin agboolé kejì láìmọ̀. Ohun tí aburú rẹ̀ bá kárí gbogbo ènìyàn yẹ kí àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún títì àti gọ́tà.

Àpẹẹrẹ kan wà ní Accra. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọkọ̀ táńkà tí ń fa ìgbẹ́ níbẹ̀ ń lọ tú u sínú òkun ní ibi tí àwọn aráàlú sọ ní Lavender Hill, nígbà tí ibùdó ìtọ́jú omi ẹ̀gbin Mudor, tí wọ́n ṣí ní 2000 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà Korle, dákẹ́ láàárín ọdún díẹ̀ nítorí àìrí ìtọ́jú. Ní 2016 ni wọ́n ṣí ibùdó tuntun tó ń gba ẹ̀gbin láti inú ọkọ̀ táńkà, ilé-iṣẹ́ Sewerage Systems Ghana tó ń bójú tó o sì tún ibùdó Mudor àtijọ́ ṣe. Ohun tó yẹ kí àwọn aláṣẹ Udu kọ́ níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ táńkà ń sanwó kí ó tó tú ẹ̀gbin sílẹ̀, àti pé owó yẹn wà lára ohun tó ń gbé iṣẹ́ ró. Ibùdó tuntun tí wọ́n kàn kọ́ láìsí owó ìtọ́jú kì í pẹ́ tí yóò fi di ahoro, Mudor ti 2000 sì ni ẹ̀rí rẹ̀. Èkó náà dá Ọ́fíìsì Àkóso Omi Ẹ̀gbin sílẹ̀ ní 2010 kí ẹnì kan lè máa dáhùn fún irú àwọn ibùdó bẹ́ẹ̀, ìgbésẹ̀ tó yẹ ní ìyìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ tó kù níbẹ̀ pọ̀.

Ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ ní Udu kò fara sin. Ilẹ̀ kan ló ṣáájú, tó jìnnà sí kànga àti sí etí odò, níbi tí wọn yóò kọ́ táńkì ìtòrò méjì sí, tí ọ̀kan yóò máa ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń kó èkejì. Ojú ilẹ̀ ni kí wọ́n gbé wọn kà, kì í ṣe inú rẹ̀, kí omi abẹ́ ilẹ̀ má baà rí wọn tì. Ibi tí wọ́n ń sá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí gbọ́dọ̀ ní òrùlé, nítorí pé àwòrán tí wọ́n yà fún Kánò, níbi tí oòrùn ti ń gbẹ gbogbo rẹ̀, kò lè bá òjò Warri mu. Lẹ́yìn èyí ni kíka táńkì agboolé-dé-agboolé, ìdúró lórí òfin pé kò sí àwòrán ilé tuntun tí wọn yóò fọwọ́ sí láìsí ìsàlẹ̀ kọnkéré fún táńkì rẹ̀, àti ètò kíkó lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí owó rẹ̀ yóò pín sí oṣù 36 kí ó má baà wọ olówó kékeré lọ́rùn.

Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ wọ inú táńkì náà láti fi korobá kó o. Hydrogen sulphide tó bá pọ̀ ń pa agbára imú kí ó tó pa ènìyàn, èyí ló fi jẹ́ pé òṣìṣẹ́ tó sọ pé òórùn ti lọ wà nínú ewu tó ju ti ẹni tó ń gbóòórùn lọ, ẹni tó bá sì kó sínú táńkì láti gba ẹnì kejì rẹ̀ sábà máa ń bá a kú síbẹ̀. Ọkọ̀ táńkà tó ní páìpù gígùn, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú táńkì, àti okùn ìgbàlà fún àtúnṣe tó bá pọn dandan, wọ́n yẹ kí wọ́n wà nínú ìwé àdéhùn kí wọ́n tó kọ iye owó sí i. Ìjọba ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ ní láti ti rí ilẹ̀ náà kí òjò tó dá, nítorí pé kò bójú mu kí ọkọ̀ táńkà fa ẹ̀gbin ilé àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé awakọ̀ rẹ̀ mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò gbé e wọ̀.