EKU TÓ Ń GBỌ́RÀN SÍ WÁYÀ LẸ́NU!



Bí ìyá aládìẹ bá gbọn igbá àgbàdo, kó tó da nǹkan sílẹ̀, adìẹ ti sáré dé. Wọn ò bí i mọ́ ọn; ó kọ́ ọ ni. Igbá dún, oúnjẹ dé: ó ti wọ̀ ọ́ lọ́pọlọ.

Bí oúnjẹ ò bá wá sí ńkọ́? Ní 1954, ní Montreal, nílẹ̀ Kánádà, James Olds àti Peter Milner ki wáyà tín-ín-rín bọ ọpọlọ eku. Bí eku bá tẹ irin kan, iná díẹ̀ á wọ ibi tí adùn wà nínú ọpọlọ rẹ̀. Kò sí ẹ̀pà, kò sí àgbàdo, iná lásán ni! Eku kọ́ irin títẹ̀, kò sì fẹ́ sinmi mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n rí àwọn eku tó pa oúnjẹ tì, tí wọ́n ń tẹ irin ṣáá títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Àfi bí ọ̀mùtí!

Ní 2002, Sanjiv Talwar, John Chapin àtàwọn ẹgbẹ́ wọn ní Brooklyn, ní New York, gbé tiwọn dé. Eku márùn-ún ni, wáyà mẹ́ta-mẹ́ta lórí, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kékeré pọ̀n wọ́n lẹ́yìn. Bí iná bá wọ wáyà kan, lójú eku, ńṣe ló dà bíi pé nǹkan kan irun ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ lósì. Wáyà kejì ń ṣe tọ̀tún. Bó bá yà síbi tí wọ́n fẹ́, iná á wọ wáyà kẹta, ti adùn. Ẹni tó ń darí rẹ̀ lè jìnnà tó mítà 500. Eku á gun àkàbà, á wọ gbangba tí iná ti ń tàn yòò, ibi tí eku kì í fẹ́ dé. Wọ́n ní kó lè máa wá èèyàn lábẹ́ ilé tó wó ni, kó sì máa wá bọ́ǹbù inú ilẹ̀.

Ṣé eku ló wá ń rìn, àbí ẹni tó di ẹ̀rọ mú? Ẹ gbà á rò wò.

Ṣùgbọ́n ìbátan òkété tiwa (ọbẹ̀ nìkan la mọ̀ ọ́n mọ́!) ti ń wá bọ́ǹbù láìsí wáyà. Magawa ni wọ́n ń pè é, Tanzania ló ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n á tẹ nǹkan kan, "tá!", ọ̀gẹ̀dẹ̀ á tẹ̀lé e. Bó bá gbóòórùn bọ́ǹbù, á họ ilẹ̀, "tá!", ọ̀gẹ̀dẹ̀. Láti 2016 sí 2021, ó rí ohun tó lé ní 100 ní Cambodia. Ó fẹ̀yìn tì ní 2021, ó sì kú ní Jánúárì 2022, láìsí ihò kankan lórí rẹ̀.